Bí A Ṣe Fi Ìró Gba Máńgòrò ní Kubwa

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé tó kọjá, máńgòrò kan já lu páànù ilé wa ní Kubwa, gbàù! Àyà mi já. Ẹ̀yin àbúrò mi, kì í ṣe ẹ̀rù, àárò ló sọ mí. Àárò náà sì dùn mọ́ mi débi pé omi lé sí mi lójú.

Ọdún 2011 ló mú mi rántí. Máńgòrò igi tó wà lágbàlá wa yìí ti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ Alhaji onílé wa, ó sì ní òun máa gé e. Ṣadé, ọmọ ará Kábbà tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé a ó ká gbogbo èyí tó ti pọ́n kó tó já fúnra rẹ̀.

"Kai!" Alhaji ní. "Ọkọ̀ mi ò ní kúrò lábẹ́ igi yẹn o. Bí ẹyọ kan bá kàn án, àáké dé nìyẹn."

Bàbá mi fi ọ̀pá gígùn ń já a. Èmi àti Ṣadé na ìró ìyá mi sábẹ́ igi. A fà á le bí awọ. Máńgòrò àkọ́kọ́ bà á, ó ta padà sókè, ó sì balẹ̀ lẹ́bàá táyà ọkọ̀. Alhaji rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin gólíkípà, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Má fà á le mọ́!" Ṣadé kígbe mọ́ mi. "Bí ó ṣe gbá aṣọ ni aṣọ ń gbá a padà. Bá a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Èyí tó tóbi jù wà ní ṣóńṣó orí igi. Bó ṣe ń bọ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ṣadé tẹ orúnkún, èmi náà tẹ tèmi, ìró sì bá a lọ sílẹ̀ bí ìyá tó ń gba ọmọ tó ti sùn. Kò là, kò fọ́.

Alhaji kan sáárá sí wa. "Yauwa," ó ní, "igi yín rèé." Ó mú máńgòrò náà lọ.

Nígbà tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé ohun tó ń já bọ́ àti ohun tó gbà á jọ ń ti ara wọn pẹ̀lú agbára kan náà, Ṣadé ni mò ń rí lójú pátákó. Títí dòní, n kò tíì rí olùkọ́ tó jù ú lọ.

Alhaji ti ta ilé náà. Ṣadé ti kó lọ, n kò mọ ibi tó wà. Igi ṣì ń so bíi tàná, ṣùgbọ́n onílé tuntun ní òun máa gé e lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo sì padà láìkan ilẹ̀kùn. Ayálégbé lásán ni mí. Kí ni kí n sọ fún un tí kò fi ní rò pé orí mi dàrú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.