Àárọ̀ Tí Inú Ń Run Múfútáù

Òkúta ni mo ń ṣà kúrò nínú ìrẹsì ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ayé wa dàrú. Àdúgbò Nasarawa là ń gbé, ní ìhà gúúsù ìlú Kaduna, èmi àti Màmá nìkan, nítorí Bàbá ti kú. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà yẹn máa ń bi mí pé báwo ni Màmá ṣe jẹ́ onígbàgbọ́ tí èmi sì jẹ́ mùsùlùmí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa. Màmá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá ń lọ sí mọ́sálásí, àwa ọmọ tẹ̀lé Bàbá, kò sì sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà sí i.

Àbúrò mi ọkùnrin, Múfútáù, ti kó lọ sí Ungwan Shanu lódìkejì odò ní oṣù mélòó kan ṣáájú, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀sìn. Kó tó lọ ló ti ń yí padà. Kò jẹ oúnjẹ Kérésìmesì Màmá mọ́. Ó máa ń ki ẹ̀rọ bọ etí, á máa gbọ́ wáàsí Hausa kan tí ohùn ẹni tó ń ṣe é kì í rọlẹ̀. Ó ní ìrun tí èmi ń kí kò péye. Mo rò pé ìṣe ọ̀dọ́ ni, pé yóò kọjá.

Ní àárọ̀ yẹn ó ṣàdédé wọlé. Màmá ti múra tán. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Màmá Bísí, ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti gba àlejò. Múfútáù dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ká jọ, ó ní inú ń run òun, kí Màmá má lọ. Màmá ní èmi yóò dúró tì í. Ó ní rárá, Màmá ni òun fẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti bá Màmá sọ̀rọ̀ ní irú ohùn yẹn. Màmá tú gèlè, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n sì pe Màmá Bísí lórí fóònù pé kí wọ́n máa lọ, àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Omi náà kò tíì hó tí ilẹ̀ fi mì. Ariwo náà kò jọ ti ìbọn, kò sì jọ àrá. Páànù òrùlé wa dún, abọ́ ìrẹsì dà nù. Mo wo Múfútáù. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú nìyí. Nígbà mìíràn tí mo bá rántí, ó ta gìrì bíi tiwa. Nígbà mìíràn, ó ti di ojú rẹ̀ pinpin kí ariwo náà tó dún. Mo ti rántí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi mọ èyí tí mo rí yàtọ̀ sí èyí tí mo rò mọ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé ó dìde, ó wọ bàtà, ó jáde láì bojú wẹ̀yìn.

Èéfín dúdú ń yọ láti apá ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Màmá fẹ́ sáré lọ síbẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ ọ̀rẹ́ wọn. Mo dì wọ́n mú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó táyà lójú títì, àdá àti irin wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ń wá mùsùlùmí, àwọn kan ń wá onígbàgbọ́, ó sì ṣòro láti mọ ẹni tó ń lé àti ẹni tí wọ́n ń lé, nítorí gbogbo wọn ló ń sáré. Aládùúgbò kan ní ká sá lọ sí àdúgbò Kakuri. Òmíràn ní Kakuri gan-an ni iná wà. A lọ sí Kakuri nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ti kọjú sí.

Àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ kan dá wa dúró níbi tí wọ́n ti fi igi dínà. Híjáàbù ṣì wà lórí mi. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti bọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan fà á. Màmá bọ́ sáàárín wa, wọ́n sọ fún un ní Hausa pé ọmọ àwọn ni mí. Ó wo aṣọ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́rùn Màmá, ó wò mí, ó ní báwo ni onígbàgbọ́ ṣe ń bí mùsùlùmí. Bóyá ẹ̀rù ló gba Hausa lẹ́nu Màmá, Yorùbá ni wọ́n fi dáhùn.

“Èmi ni mo bí i. Bí ẹ ó bá pa á, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pa.”

Kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ wa kì í yé èèyàn, ó sì fọwọ́ júwe pé ká máa lọ.

Inú ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan tó ti kógbá sílé la sá pamọ́ sí. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè. Gàrí gbígbẹ là ń jẹ, ẹ̀kúnwọ́ kan fún àgbà, kó lè kù fún àwọn ọmọdé. Omi òjò tó ń ṣàn létí páànù la fi ń tì í, ó ń dà bí irin lẹ́nu. Ìbọn ń dún, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń dún. Hẹlikọ́pítà ń yí lókè. Ìyá kan máa ń bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá, a ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣọ́ wa ni tàbí wọ́n ń wá wa.

Ibẹ̀ ni Bísí ti pe Màmá. Màmá tẹ́tí, wọ́n ní, “Olúwa á tù ọ́ nínú,” wọ́n sì pa fóònù náà. Bọ́ǹbù ti pa Màmá Bísí sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àga òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màmá ò sunkún. Wọ́n yíjú sí mi.

“Rámọ́, ṣé inú ń run ọmọ yẹn lóòótọ́?”

“Màmá, mi ò mọ̀.”

Wọn ò tún bi mí mọ́ títí dòní.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà pa iná ìjà náà, tí ìjọba sì dẹwọ́ òfin kónílé-ó-gbélé díẹ̀, a padà sílé. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ṣọ́jà ti wọ ilé olùkọ́ ní Ungwan Shanu, wọ́n sì kó gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀, Múfútáù pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan tí kò wọ aṣọ ìjọba wá bá wa. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó fi òyìnbó béèrè bóyá ọmọ náà sọ nǹkan kan fún Màmá ṣáájú ọjọ́ yẹn, tàbí ní àárọ̀ yẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá ò tilẹ̀ ronú.

“Sọ fún un pé inú ń run ọmọ mi, mo sì dúró tì í.”

Mo sọ fún un. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo túmọ̀ tàbí irọ́. Ó dìde, ó lọ.

Wọn ò gbé Múfútáù lọ sí kóòtù, wọn ò sì dá a sílẹ̀. Màmá ń ti bárékè kan bọ́ sí òmíràn. Níbì kan wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Níbòmíràn wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìgbésùmọ̀mí kì í ṣe ohun tí ìyá ń wá béèrè lẹ́nu géètì. Ọdún ń gorí ọdún. Ọjọ́ kan, mọ́tò ìjọba kan já Múfútáù sílẹ̀ níwájú ilé wa. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yí ọkàn irú wọn padà, wọ́n sì ti kọ́ ọ ní bàtà ṣíṣe. Òṣìṣẹ́ tó mú un wá sọ pé ọkàn rẹ̀ ti mọ́ báyìí. Ó wù mí kí n béèrè ohun tó wà nínú ọkàn náà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yẹn, nítorí bó bá mọ̀ ọ́n, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Bísí wá. Òun àti Múfútáù jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ó jókòó síwájú rẹ̀, kò mu omi tí mo gbé fún un.

“Mi ò wá jà. Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n di fírémù mú.

“Bísí,” Múfútáù ní, “wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yẹn láìmọye ìgbà. Nígbà tí mo bá ní mi ò mọ̀, wọ́n á lù mí. Nígbà tí mo bá ní mo mọ̀, wọ́n á ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, màá sì máa sọ ọ́. Mi ò mọ ìdáhùn tèmi mọ́.”

Bísí dìde, ó kí Màmá, ó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ní kí n sọ bó ṣe parí. Kò parí síbì kan. Ẹsẹ̀ Màmá ti wú báyìí, Múfútáù ló ń mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bí wọ́n bá dé géètì tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, òun fúnra rẹ̀ á ti na apá méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Á mú Màmá jókòó, á padà jáde, á jókòó sórí kọ́ńkéré ojú gọ́tà ní òdìkejì títì. Bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́tò gbàgà, á dìde. Mi ò mọ̀ bóyá ìṣọ́ ló ń ṣe tàbí ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Bísí máa ń kọjá níwájú rẹ̀, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò tó kọjá, mo rí Bísí tó ṣí agbòòrùn rẹ̀, tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Múfútáù lórí kọ́ńkéré yẹn, tó sì sáré wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì nínú òjò.

Múfútáù kò gbé e. Òjò pa òun àti agbòòrùn náà títí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi jáde.