Gíábọ́ọ̀sì Impala Bàbá Títí

Gbogbo ẹni tó mọ Cecilia Ọdẹ́tọ́lá, tí a ń pè ní Ìyá Títí, ló mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Tó bá wá kí mi, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń sọ tirẹ̀ tán, á sì tún sá lọ. Nígbà kan, mo máa ń bínú sí i, nítorí àlejò tó máa jẹun kó tó lọ ni mo fẹ́ràn. Ìgbà tí mo wá mọ ohun tó ń lé e kiri ni ìbínú mi rọ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà la jọ ń gbé ní Gowon Estate, èmi nísàlẹ̀, òun lókè. Ó ń ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Festus, ọkọ rẹ̀, ló ni Impala gígùn kan, mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Mọ́tò náà fẹ̀ débi pé bó bá ti ń wọlé, a ti ń kó àwọn ọmọ wa kúrò lọ́nà. Festus fẹ́ràn rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sínú gíábọ́ọ̀sì tí kì í mu irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí mọ́tò fi kú sí Ìyànà Ìpájà, okùn ni wọ́n fi wọ́ ọ wálé, àwọn ọmọ ibùdókọ̀ sì ń fi Festus ṣe yẹ̀yẹ́.

Gíábọ́ọ̀sì náà jẹ́ irú èyí tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀. Festus búra pé òun ò ní fi ayédèrú sí i láéláé. Ó ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, Amẹ́ríkà náà lòun yóò ti lọ ra òmíràn. Ọdún 1984 ni, nígbà tí ìlú le, tí gbogbo ọkùnrin tó ní ìwé lọ́wọ́ ń wá ọ̀nà àtijáde. Ó ní oṣù mẹ́ta lòun máa lò. Ó gbé mọ́tò lé orí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ó fi tapólì bò ó, ó sì lọ.

Nítorí iṣẹ́ ọkọ mi, ilé mi ni tẹlifóònù kan ṣoṣo tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa wà, etí mi ló sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, Festus ń pè lóṣooṣù, kò tíì rí i. Ní ọdún kejì, ó ní òun rí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ti sán. Lẹ́yìn ìyẹn, Kérésìmesì àti Àjíǹde nìkan la ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ọkọ lọ́wọ́ Ìyá Títí, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́nu géètì, ìdáhùn kan náà ló máa ń gbọ́: ó ń wá gíábọ́ọ̀sì. Kò sì ní dúró kí wọ́n béèrè ìkejì.

Kò lè máa wo mọ́tò náà lásán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ dé, kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ ọ́fíìsì, ó ká tapólì kúrò, ó mú sáńpépà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha gbogbo ibi tó ti dógùn-ún. Láti ọjọ́ náà, bí Sátidé bá ti mọ́, yóò máa yí mọ́tò po. Ó yọ àwọn síìtì jáde, ó rán ìbòrí tuntun sí wọn. Ó pe Ràímì, mẹkáníìkì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ibùdókọ̀ Pleasure. Ràímì fi rédíétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù sí i kó má baà máa gbóná, ó pààrọ̀ bíréèkì àtijọ́ sí irú èyí tó ń tètè mú, ó tún gbogbo wáyà rẹ̀ fà. Wọ́n kun ún ní ọ̀dà. Àwa obìnrin ilé ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ lọ tán, ó wá lọ fẹ́ mọ́tò. Òun náà máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró.

Nígbà tó yá, kò sí ohun tó kù mọ́ àfi gíábọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mọ́tò kò kàn lè kúrò lójú kan ni. Ràímì bá sọ ohun tó ti wà níkùn rẹ̀ tipẹ́. Ó ní òun lè gé ilẹ̀ mọ́tò náà díẹ̀, kí òun gbé gíábọ́ọ̀sì píkọ́ọ̀pù sí i, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ pààrọ̀, yóò sì rìn. Ìyá Títí fò fẹ̀rẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó tú ìbòrí síìtì tó ti rán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ó ha ọ̀dà tó ti gbẹ, ó ní kò dán tó. Ràímì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí kò yé òun, pé ta ló ń tún mọ́tò ṣe tí kò fẹ́ kó rìn?

Ó yé èmi. Níwọ̀n ìgbà tí gíábọ́ọ̀sì kò bá tíì sí, ọkọ rẹ̀ ṣì ń wá a nìyẹn. Bí mọ́tò bá wá rìn láìsí tirẹ̀, kí ni Festus ń ṣe ní Amẹ́ríkà? Ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá á rí ìríkúrìí, Ìyá Títí kò sì fẹ́ rí i. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí ọkùnrin yẹn débi pé, bó bá pè, ó máa ń ṣe mí bí kí n má gbé e.

Títí, ọmọ wọn, ló tú ọ̀rọ̀ náà ká. Olùkọ́ wọn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Títí dìde, ó ní bàbá òun ń wá gíábọ́ọ̀sì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà délé, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá kí èèyàn máa wá gíábọ́ọ̀sì kì í ṣe iṣẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ jáde nílé lẹ́sẹ̀ kan náà. Kò dúró de ọkọ̀, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Pleasure, ó sì sọ fún Ràímì pé kó gbé ti píkọ́ọ̀pù yẹn wá.

Ọjọ́ tí Ràímì parí rẹ̀, Ìyá Títí jókòó sídìí ọkọ̀, ó ní kí n wá jókòó ti òun níwájú. Ohun tó sọ ni pé ká kàn yí ẹsítéètì po. A dé géètì, kò yà. A dé Ẹ̀gbẹ́dá, kò yà. Ìgbà tí a kọjá Ìkọ̀tún, tí a forí lé Ìgàndó, mo béèrè ibi tí à ń lọ, ó ní òun ò mọ̀. Àwọn èèyàn ń dúró lẹ́bàá títì wo mọ́tò náà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló tó yí padà, ẹ̀rù sì ti bà mí dójú ikú.

Festus pè ní Àjíǹde ọdún náà. Ìyá Títí sọ fún un tayọ̀tayọ̀ pé Ràímì ti gbé gíábọ́ọ̀sì píkọ́ọ̀pù sí mọ́tò, ó ti ń rìn, kó máa bọ̀ nílé.  Mo gbọ́ ariwo tí Festus pa, ó ní ta ló ní kó gé mọ́tò òun. Ó ní òun ti ra gíábọ́ọ̀sì náà gan-an, ó ti wà lórí òkun. Ìyá Títí gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó sì dì mọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rí i. Ó ń bọ̀.”

Mo béèrè bóyá ọkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ló tún fẹ́ sọ jùyẹn lọ. Láti ọjọ́ náà, àwa tí a wà nísàlẹ̀ kò sinmi mọ́. Lónìí, á fọ ilẹ̀, lọ́la, á pààrọ̀ kọ́tìnì. Bí ọkọ̀ bá ti yà wọlé, a ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń sáré lọ sí bákónì. Kò jẹun kanlẹ̀ mọ́. Ìwé Mímọ́ ní ìrètí pípẹ́ a máa mú ọkàn ṣàìsàn, àṣé èyí tó kúrú náà ń ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, píkọ́ọ̀pù kan yà wọlé, Ọláoyè, àbúrò Festus tó ń gba ẹrù ní Apápá, sì sọ̀ kalẹ̀. Àpótí pákó kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ìyá Títí ti sáré dé ìsàlẹ̀ láìwọ bàtà. Kò wo àpótí. Ó yọjú sínú ọkọ̀ níwájú, ó yí lọ sí apá kejì, ó tún yọjú, ó wá lọ wo ẹ̀yìn àpótí. Ọláoyè kò lè wò ó lójú. Ó ní bọ̀dá òun ní kí òun kí wọn. Ràímì, tí mo ránṣẹ́ pè, fi irin ṣí àpótí náà, gíábọ́ọ̀sì ọ̀hún ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó béèrè bóyá kí òun gbé e sí mọ́tò. Ìyá Títí kàn ń yí àpótí náà po ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, tẹlifóònù dún. Festus ni. Ó béèrè bóyá ó ti dé.

“Ó ti dé, Bàbá Títí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹni tó lọ wá a ńkọ́?”

Mo gbọ́ ohùn Festus ketekete láti ibi tí mo dúró sí. Ó kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní ó ku nǹkan kékeré kan, pé báńpà iwájú mọ́tò náà kì í ṣe ojúlówó, òun sì ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń tà á, tí òun bá ti rí ìyẹn…

“Ẹ má rà á.” Ìyá Títí já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Bàbá Títí, ẹ má ra nǹkan kan mọ́. Mọ́tò ti pé.”

Ó rọra fi tẹlifóònù lélẹ̀. Ó ní kí n bá òun sọ fún Ràímì kó gbé àpótí náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó fún ẹni tó bá lè lò ó. Ẹkún wá gbọ̀n ọ́n, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.