Orúkọ Aṣojú Wa ní Halifax

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo kàwé, mo ń kọ software, èmi fúnra mi ni mo sì kọ fọ́ọ̀mù PR tá a fi gba ìwé ìgbélùú Canada láìwá lọ́yà kankan. Bí mo ṣe wá mọ ènìyàn fún ọdún mẹ́sàn-án, tó wẹ ọmọ mi, tó sùn sórí àga pálọ̀ mi, tí mi ò sì mọ orúkọ ẹ̀, ẹ gbọ́ ọ tán ná kẹ́ ẹ tó fi mí ṣẹ̀sín.

Èmi àti ọkọ mi la ni company kékeré kan. Inú basement wa ní Falconridge la ti ń ṣe é. Software la ń ṣe fún àwọn daycare, òun ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀, òun ló sì ń sọ fún ìyá lórí fóònù pé ọmọ ti jẹun, pé ó ti sùn. Daycare mẹ́fà péré ló ń lò ó, gbogbo wọn ní Calgary níbí, láti Castleridge títí dé Cranston. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi iṣẹ́ ọ́fíìsì mi sílẹ̀. Mo ti bá ọkọ mi ṣe àdéhùn pé tí company yìí ò bá tíì rí iṣẹ́ kankan níta Calgary kí snow tó tún dé, màá pa á tì, màá sì wá iṣẹ́ olóṣù padà. Mi ò fẹ́ pa á tì rárá. Bí ọmọ ni mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀.

Ibi tá a wà nìyẹn tí obìnrin kan fi pè wá láti Halifax. Òun ló ń darí daycare mẹ́rin níbẹ̀, àbúrò ẹ̀ tó ń gbé ní Cranston ló sì sọ̀rọ̀ wa fún un. Ó ní ká wá fi software wa sí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká sì kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo jó láti basement dé kitchen. Àmọ́ ó ní nǹkan kan wà o. Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, la ti dá company wa sílẹ̀, a ò sì lè ṣiṣẹ́ ní Nova Scotia, ìpínlẹ̀ tiwọn, láìforúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ibẹ̀. Ó fẹ́ rí ẹ̀rí pé a ti fi ìwé sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣíwọ́ ní Friday, torí àwọn ọ̀gá ẹ̀ máa ṣèpàdé ní Monday, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń du iṣẹ́ náà.

Tuesday ló pè. Mo ní kí nìyẹn, ṣé fọ́ọ̀mù lásán-làsàn. Ní Wednesday mo lọ sí registry, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìjọba, tó wà ní Castleridge, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń din samosa, mo gba ìwé tó jẹ́rìí pé company wa kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ní Thursday mo jókòó ti fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ń tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, mo ń kọrin sábẹ́ imú. Ìgbà tó yá ni mo dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè aṣojú. Ìjọba ọ̀hún fẹ́ ẹnì kan tó ń gbé ní Nova Scotia gan-an, tí wọ́n lè fi lẹ́tà lé lọ́wọ́ dípò wa tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Mo ti múra fún ìyẹn. Ta ló tún kù bí kò ṣe Ìyá Ìbejì? Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Falconridge, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ló kọjú sí tiwa. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìtọ́jú arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo bímọ, wọn ò fún ìyá mi ní físà. Ìyá Ìbejì ló wẹ ọmọ mi fún ogójì ọjọ́ gbáko, á ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, á ká ọwọ́ aṣọ sókè, á ní kí n gbé omi wá. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni iṣẹ́ gbé e lọ sí Halifax, kò sì sí Sunday kan tí kì í pè wá. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ aṣojú yìí fún un ní Wednesday, mi ò tíì sọ ọ́ parí tó fi ní, "Ìyàwó, kọ mí síbẹ̀ jàre." Àdírẹ́sì ẹ̀ náà wà lọ́wọ́ mi. Ọdọọdún la ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sáwọn ìbejì, "Ìyá Ìbejì" la sì ń kọ sára páálí náà, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Fọ́ọ̀mù wá ní kí n kọ first name. Mo na ìka sí kọ̀ǹpútà, ìka dúró sójú kan.

Mo pe ọkọ mi níbi iṣẹ́ olóṣù tó ń ṣe, mo ní kí lorúkọ Ìyá Ìbejì. Ó ní Ìyá Ìbejì ni. Mo ní orúkọ ẹ̀ gan-an ńkọ́. Ó ní "Mummy". Ló bá bú sẹ́rìn-ín, mo sì pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, torí inú ń bí mi.

Àmọ́ báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣílẹ̀kùn, àwọn ìbejì ń yọjú lẹ́yìn ẹ̀, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì." Obìnrin náà dáhùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ló máa wá béèrè lọ́wọ́ àgbà pé kí ni wọ́n ń jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ pè wọ́n lórúkọ? Bọ́dún sì ṣe ń gorí ọdún ló ń le sí i. Ẹni tó wẹ ọmọ ẹ, o wá fẹ́ sọ fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án pé o ò mọ orúkọ ẹ̀. Ojú wo lo fẹ́ fi wò ó?

Mo pe àwọn méjì tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ní Ìyá Ìbejì ni, ìkejì ní Mummy Nurse ni. Mo wo WhatsApp ẹ̀, fọ́tò ìbejì ló wà níbẹ̀, "Blessed Mum" ló kọ sábẹ́ ẹ̀. Ọmọ mi tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ń mu mílíìkì, ó ń wò mí. "Just ask her, Mommy," ó ní. Mo ní a kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní "Why?" Mo ní kó lọ ṣe homework ẹ̀.

Ọgbọ́n àrékérekè ló wá sọ sí mi nínú. Mo kọ ọ́ sí Ìyá Ìbejì lórí WhatsApp pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ya fọ́tò driver's licence yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kíákíá, ìjọba ló fẹ́ rí i. Mo gbóríyìn fún ara mi. Àṣé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Halifax ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún wọn nípa àwọn olè tó ń jí WhatsApp ènìyàn ni. Mo rí i pé ó ti kà á, kò pẹ́ tí fọ́tò ìbejì pòórá. Ìyá Ìbejì ti block mi.

Mo pè é, kò wọlé. Ọkọ mi pè é, wọ́n ti block òun náà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ará Calgary pé olè ti gba fóònù èmi àti ọkọ mi, kẹ́nikẹ́ni má dá wa lóhùn. Àwọn méjì tí mo pè lẹ́ẹ̀kan sì jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni, olè náà ti pe àwọn, orúkọ màmá gan-an ló ń wá. Mo ti fọwọ́ ara mi ṣera mi.

Láàárọ̀ Friday, mo mú ọmọ dé school, mo sì rántí pé wákàtí mẹ́ta ni Halifax fi ṣáájú wa. Aago mẹ́wàá wa, aago kan wọn. Mo gbé laptop mi, mo sọdá títì lọ sọ́dọ̀ bàbá ará Punjab tó ń gbé nínú ilé tí Ìyá Ìbejì kó kúrò, torí òun nìkan ni mo mọ̀ tó ṣì ní fóònù onílé, irú tí olè WhatsApp ò lè jí. Bàbá ní kí n wọlé, ó fi fóònù hàn mí lára ògiri kitchen. Nínú kitchen yẹn ni Ìyá Ìbejì ti ń po omi ìwẹ̀ ọmọ mi tí omi inú páìpù wa bá dì nígbà òtútù.

Ìyá Ìbejì gbé e. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pa fóònù, èmi ni. Ó fi Òyìnbó sọ fún mi pé àwọn ọlọ́pàá ti ń wá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fọ́ọ̀mù, ó dá mi dúró.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́," ó ní, "kí lorúkọ mi?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sá fún láti àná nìyẹn. Mo ronú irọ́, irọ́ ò wá.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà," mo ní. "Ọdún kẹsàn-án rèé, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú."

Ẹ̀rín ni mo gbọ́, ẹ̀rín tí mo mọ̀ dáadáa, tó máa ń fi ọwọ́ lu itan sí.

"Ìwọ ni," ó ní. "Olè á ti mọ̀ ọ́n."

Ó wá pè é fún mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, orúkọ mẹ́ta. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, kò sí fọ́ọ̀mù níbí. Ó ní ìyá bàbá òun ló sọ òun ní ti àárín. Ó ní níbi iṣẹ́, wọ́n ti gé e kù ní ìlàjì, bàbá ìbejì ò sì pè é mọ́ látìgbà tí ìbejì ti dé, ìyá òun nìkan ló ń pè é délẹ̀ kó tó kú. Ó wá ní kí n ka ohun tí mo kọ kóun gbọ́, kí n má baà ṣì í kọ.

Ẹnu mi kọ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá kúnlẹ̀ sórí táìlì bàbá ará Punjab, fóònù létí, mo sì ka gbogbo ẹ̀ délẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá sáré wá, ó ń béèrè bóyá ara mi ò yá.

Ohùn Ìyá Ìbejì kéré nígbà tó jáde.

"Mà," ó dáhùn, bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé.

Omi bọ́ lójú mi. Mo tẹ submit lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí obìnrin daycare. Ní ọ̀sán Monday, wọ́n fún wa níṣẹ́ náà, ọkọ mi ló sì jó láti basement dé kitchen lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí mo dé Halifax láti wá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni mo sùn. Ó ti tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ jáde, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, ibi tí orúkọ ẹ̀ wà kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo rí i kí n tó bọ́ bàtà. Òun náà rí i pé mo rí i, ó dúró, ó ń wo ẹnu mi.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde. Ó ní mo gbọ́n, àti pé ẹ̀ẹ̀kan tí mo pè é lórí fóònù yẹn ti tó.