Òdòdó Tí Kò Ní Nọ́mbà

N'Íbàdàn, ní ọ́fíìsì igbó ọba, Adéògún ọkọ mi ló ń gun igi, òun ló ń já ewé, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn títí á fi gbẹ. Orúkọ ọ̀gá ni wọ́n ń kọ sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún òyìnbó Jámánì kan láyé àtijọ́, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ já ewé kiri, tí ẹlòmíì wá gba ògo rẹ̀. Bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣàánú ọkùnrin náà.

Nígbà tí Dóyin ọmọ wa kó wa wá sí Calgary ní Canada, mo rò pé ewé ti tán. Irọ́. Bí snow bá ti yọ́, Adéògún á wọ bọ́ọ̀sì láti Falconridge, àdúgbò wa, ó di etí odò. Ọdún mọ́kànlá. Basement, yàrá abẹ́ ilé wa, kún fún ewé. Ewé kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Ibi tó ti já a àti ọjọ́ tó já a wà nínú ìwé kan.

Caroline, òyìnbó tó ń tọ́jú irú ewé bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì kan, ní òun á wá kó wọn, orúkọ Adéògún ni wọ́n á sì kọ sí i. Lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọkọ mi kú sí, ohun kan ló bẹ̀ mí.

"Ìyá Dóyin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ewé mi títí Caroline á fi dé."

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá palẹ̀ basement mọ́ fún àlejò. Díkónì Kànmí, ẹnjiníà iléeṣẹ́ epo, tú ìdì kan.

"Mummy, ewé gbígbẹ, pẹ̀lú nọ́mbà? Nọ́mbà ta ni?"

"Nọ́mbà ewé ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin gan-an ò mọ ohun tí Daddy ń ṣe nísàlẹ̀ yìí."

"Mummy, please," ni Dóyin wí. "People are already talking."

Wọ́n ní oògùn ni. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n da òróró sí i, wọ́n kó gbogbo ewé náà, wọ́n sì dáná sun ún lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó. Mo ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Sátidé, Caroline dé. Ìwé nìkan ni mo rí gbé fún un. Ó ṣí i, ó wò wá. Mo wá rántí òdòdó gbígbẹ kan nínú Bíbélì mi, mo mú un fún un. Kò ní nọ́mbà, torí èmi ni ọkọ mi já a fún.

Caroline bi Dóyin pé níbo ni bàbá rẹ̀ ti já a.

Ọkọ mi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó mú un wálé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń sọ ọ́, èmi ń bá a jà nítorí ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀. Mi ò gbọ́.

Èyí tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti já a kò wúlò fún wọn, ni Caroline bá dá òdòdó náà padà fún mi.

Lọ́jọ́ Sunday, Kànmí dọ̀bálẹ̀, ó bi mí bóyá ilé ti fúyẹ́.

Mo ní ó ti fúyẹ́.