Ẹ Pa Á, Màá Bá Yín Tì Í

Lọ́dún tí ìjọba ti bọ́dà pa, bátìrì ọkọ̀ mi kú, mi ò sì rí òmíràn rà. Kútọnu ni àwọn bátìrì àlòkù tí apá wa ká ti máa ń wọ Ayétòrò, ọ̀nà sì ti dí. Mo wá di ẹni tó ń wá ibi tó dagẹ̀rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá iṣẹ́. Nílé, ilẹ̀ iwájú ìta wa dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń páàkì sí kí ọkọ̀ lè yí fúnra rẹ̀ láàárọ̀ kí n tó fi sí gíà. Níléèwé tí mo ti ń kọ́ni, ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù ni. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, mi ò ní pa á rárá.

Ó nídìí. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ kọ̀ níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ló tì í. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń kọjá, ẹnìkan á rọra sọ láti ẹ̀yìn fèrèsé pé, “Ẹ tì í.” Ẹ̀rín á sì sọ. Mo na àwọn kan, kò dáwọ́ dúró. Inú mi tètè máa ń ru, mo sì fẹ́ràn iyì ju bó ṣe yẹ lọ. Nísinsìnyí ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ni kò mọ̀wàá hù.

Epo wá tún di ogun. Ìjọba ní kí wọ́n má gbé epo lọ sáwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà mọ́, nítorí àwọn tó ń gbé e sọdá. Bí àwọn ará Ìmẹ̀kọ, Àfọ̀n àti àwọn abúlé ọ̀hún ṣe ń rọ́ wá bá wa ní Ayétòrò nìyẹn. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì dání, wọn ò ní dá a lóhùn; inú ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń tà á sí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo tò sílé epo láti aago méje àárọ̀. Ó ti ń lọ sí mẹ́wàá kó tó kàn mí, ọkọ̀ sì ń kùn lábẹ́ mi ní gbogbo àkókò náà, ó ń jẹ epo tí mo wá rà.

Obìnrin tó di ẹnu pọ́ǹpù mú kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. Ojú rẹ̀ jọ ojú tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ojú tí olùkọ́ mọ̀ pọ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pa ọkọ̀. Mo ṣàlàyé pé bátìrì ti kú, pé tí mo bá pa á, kò ní jí mọ́, orí ilẹ̀ títẹ́jú la sì wà.

“Ẹ pa á, sà,” ló wí. “Tí mo bá tà á tán, màá bá yín tì í.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí ìlà. Bóyá èmi kọ́ ló ń rín, ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ ni “Ẹ tì í” ti ẹ̀yìn fèrèsé. Mo ní kó ta epo, kó má fi àkókò mi ṣòfò. Kò gbé ẹnu pọ́ǹpù sókè. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, nítorí kò fẹ́ dójú tì mí.

“Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹ ní epo gan-an kọ́ ló ń jó, ooru tó ń fẹ́ jáde lára rẹ̀ ni. Ẹ ní ooru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́ títí á fi kan iná.”

Ọ̀rọ̀ mi ni, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo máa ń mú kí gbogbo kíláàsì tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Olùkọ́ wo ni kì í gbàdúrà kí ọmọ tó kọ́ rántí? Ṣùgbọ́n inú ló bí mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó ń kùn, mo sì sọ ohun tí mi ò lè kó padà mọ́ títí dòní.

“Ká ní o gbọ́ ohun tí mo kọ́ ẹ ni, ṣé ibí yìí lò bá wà?”

Máníjà ilé epo sáré jáde. Ọmọ rẹ̀ wà níléèwé wa, ó sì mọ̀ mí dáadáa, kò tiẹ̀ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gba ẹnu pọ́ǹpù, òun fúnra rẹ̀ ló ta epo fún mi, íńjìnnì ń dún, ó sì ní kí obìnrin náà lọ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, kó máa lọ sílé. Obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́. Èmi ló wò. Ó ń retí kí n sọ gbólóhùn kan péré, pé òun ló tọ̀nà. Mo wọnú ọkọ̀, mo lọ.

Iná kò sọ. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ká ní iná sọ díẹ̀, kó jó irun apá mi lásán, gbogbo èèyàn ì bá mọ̀ pé obìnrin náà jàre. Torí pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, òun di aláìgbọràn, èmi sì di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. Ó kàn bi mí pé èwo nínú ọ̀rọ̀ obìnrin náà ló jẹ́ irọ́. Mo dìde, mo lọ wẹ̀.

Òun náà ló mú ìròyìn wá láti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣẹ́ ilé epo ni obìnrin yẹn fi ń bọ́ màmá rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́ àti ọmọ kan. Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́, ó ti ń ta epo inú ìgò lójú ọ̀nà Àfọ̀n. Ẹni tó ń sá fún iná, èmi ni mo lé e lọ jókòó tì í.

Mo lọ bá máníjà, mo ní ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀bi wà. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀, ẹni tó mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fágbà. Mo wò ó, ẹni tuntun náà ń rọ epo sínú ọ̀kadà tí wọn ò pa. Ó kí mi dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gba ọ̀nà Àfọ̀n lọ. Mo ti kó ọ̀rọ̀ tí màá sọ sórí bí ọmọ iléèwé. Abẹ́ igi káṣú kan ni mo ti rí i, àwọn ìgò epo àti kẹ́ẹ̀gì kan wà lórí àpótí, gárawa yanrìn tí wọ́n fi ń pa iná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́kadà kan ń ráhùn pé obìnrin yìí ti le jù, síbẹ̀ ó pa ọ̀kadà rẹ̀ kó tó rà. Mo pa ọkọ̀ mi lókèèrè, mo jẹ́ kó yí lọ títí ó fi dúró.

Ó bi mí pé lítà mélòó ni. Mo ní márùn-ún, mo rò pé tó bá tà á tán, ara á ti rọ̀ ọ́, màá wá sọ ọ̀rọ̀ mi. Ó fi àrọ dà á sínú táǹkì, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sílẹ̀. Mo sanwó. Bí mo ṣe ní kí n lanu, ó ti dé kẹ́ẹ̀gì, ó ti gbé e jìnnà, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sì ti wà lẹ́yìn ọkọ̀.

“Ẹ wọlé, sà. Ẹ fi sí gíà kejì.”

Mo wọlé. Mo rí i nínú díńgí, ó tẹrí ba, ó na apá méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ jí, kò tó ìṣẹ́jú kan. Bí ì bá ṣe rí nílé epo náà nìyẹn.

Mo fẹ́ padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọkọ̀ tó ń kùn padà sídìí epo rẹ̀, tí mo bá sì pa á, òun náà ni yóò tún tì í. Mo kàn na ọwọ́ síta láti fèrèsé, mo ń lọ. Nígbà tí mo fi máa rí bátìrì rà, tí mo padà lọ síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi káṣú náà. Òkìtì yanrìn kékeré kan ló ṣẹ́ kù, níbi tó dà á sí kó tó gbé gárawa rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo kó sórí ṣì wà lẹ́nu mi.