Ẹni Tó Wẹ Àbẹ̀kẹ́ Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni mo máa ń sọ èyí fún. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá gbà, n kò ní bá a jà. N kò mutí, oorun kò gbé mi lọ, ojú mi kò sì ṣe bàìbàì. Kì í ṣe òru, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀sán ni. Oòrùn wà lókè, mo sì ń rí òjìji ara mi nílẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé Àbújá lọ́dún 2012 yóò rántí ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń wí.

Lugbe ni mò ń gbé nígbà náà, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe. Ilé méjì ló wà nínú ọgbà wa. Èmi wà nínú ti iwájú, Bùnmi àti ọkọ rẹ̀, Dáre, wà nínú ti ẹ̀yìn. Ọmọ Èkìtì ni mí, ọmọ Kàbà ni Bùnmi, ṣùgbọ́n ní ìlú tí gbogbo wa ti jẹ́ àlejò yìí, ẹni tó bá ti lè bá ọ sọ Yorùbá lójú fèrèsé, ó ti di ẹbí rẹ nìyẹn. Àǹtí ló ń pè mí.

Ó pẹ́ kí Bùnmi tó bímọ. Nígbà tó sì bí i, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, dókítà pe èmi àti Dáre sí kọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ bó ṣe yẹ, pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohunkóhun já a láyà, kí a sì rí i pé ó ń sùn dáadáa.

Oorun ọ̀hún gan-an ni kò rí. Ọmọ tuntun yẹn máa ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Àfi ìgbà tí ìyá Bùnmi dé láti Èkó ni ilé tó rọlẹ̀.

Màmá yìí kì í pariwo. Wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ wọn gùn, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu wọn. Ọ̀dọ̀ àkọ́bí wọn ọkùnrin ni wọ́n ń gbé l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò kúrò ní Kàbà rárá. "Ọ̀kun o" ni wọ́n fi ń kí gbogbo ayé, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kódà Mállàm, ọkùnrin Hausa tó ń ṣọ́ géètì wa, ti mọ̀ ọ́n. Màmá á ní, "Ọ̀kun o," Mállàm á dáhùn pé, "Yauwa," àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, kálukú á bá tiẹ̀ lọ.

Tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, Màmá á gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀. Wọ́n á fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, wọ́n á nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n á fi òrí pa á lára títí á fi máa dán. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìró fífẹ́lẹ́ wé e pinpin bí ẹ̀kọ inú ewé. Ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀ á sùn lọ fọnfọn. Èmi náà gbìyànjú wíwé yẹn títí. N kò rí i wé dáadáa rí. Dáre gbìyànjú tirẹ̀, ọmọ náà ta á dànù ní ìṣẹ́jú kan.

Àbẹ̀kẹ́ ni Màmá ń pè é. Àwọn ni wọ́n fún un ní oríkì náà.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Ìyàwó àkọ́bí wọn l'Ékòó náà ti sún mọ́ àtibímọ, ìdí nìyẹn tí Màmá fi ní láti padà. Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹun, Dáre sì gbé àpò wọn sínú mọ́tò láti gbé wọn lọ sí ẹ́ápọ́ọ̀tù. Màmá gbé ọmọ dání títí, wọn kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló ń dun àwọn, pé àwọn kò ráyè wẹ̀ ẹ́ lónìí. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé èmi á wẹ̀ ẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ irú ìwẹ̀ tí mò ń wẹ ọmọ.

Dáre ní tí òun bá ti já wọn sílẹ̀, òun á ya àdúgbò Life Camp láti lọ kí ẹnì kan, kí òun tó padà. Nítorí náà èmi jókòó ti Bùnmi.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí mọ́tò ṣe jáde ní géètì. Ó ké, ó ké, ohùn rẹ̀ há. Ojú Bùnmi pọ́n, orí ń fọ́ ọ. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ dókítà wá ń bà mí. Mo ní kó lọ dùbúlẹ̀ sí yàrá, kó gbé ọmọ fún mi. Bàálù kan kọjá lórí wa nígbà tó ń wọlé lọ, ó ní bóyá ti Màmá nìyẹn. Mo ní bóyá ni. Àwa ará Lugbe, bàálù ti dà bí ẹyẹ lójú wa, a kì í wòkè mọ́.

Mo ń gbé ọmọ rìn kiri nínú ilé ìdáná. Mo ti kọ gbogbo orin tí mo mọ̀.

Ni mo bá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi.

"Ọ̀kun o."

Mo yíjú. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Àdìrẹ tí wọ́n wọ̀ jáde nílé náà ni wọ́n wọ̀. Kò sí àpò lọ́wọ́ wọn. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù kò bà mí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu dòní nìyẹn. Inú mi dùn ni. Mo bi wọ́n bóyá bàálù kò gbéra mọ́ ni, torí irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Gbé e wá," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "N kò tíì wẹ̀ ẹ́."

Mo gbé ọmọ fún wọn. Bí ọwọ́ wọn ṣe kàn án ló dákẹ́. Kì í ṣe pé ó rọra ń dákẹ́ o. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó la ojú sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ wọn.

Mo gbé àpótí síta, mo da omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù nínú báàfù, mo wá gbé òrí àti aṣọ wá. Èéfín ṣì ń rú lójú omi náà. Màmá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, èéfín náà sì pòórá. Mo rí i. Mo kàn rò pé mo ti da omi tútù sí i jù ni. Òórùn kan sì wà lára wọn, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà.

Wọ́n wẹ ọmọ. Wọ́n nà án lápá, wọ́n nà án lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń kọrin láìlanu, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. N kò rí ẹni tó ń wẹ ọmọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ báyẹn rí.

Mo ní kí n lọ pe Bùnmi kó wá rí ìyá rẹ̀. Wọ́n mi orí.

"Má jí i," wọ́n ní. "Jẹ́ kó sùn. Yóò nílò rẹ̀."

Mo tẹ́tí. Lóòótọ́, Bùnmi ń hanrun nínú yàrá. Bùnmi tí kò sùn láti ọjọ́ wo.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún ní pálọ̀. Mo sáré wọlé kó má baà jí Bùnmi. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Agége ló pè. Èémí rẹ̀ ń já. Ó bi mí bóyá kò sí ẹni wa kankan nínú bàálù tó gbéra l'Àbújá lọ́sàn-án yìí. Ó ní ó ti já. Ó ní ó já lé ilé àwọn èèyàn lórí, pé òun ń rí èéfín dúdú láti ibi tí òun dúró sí, pé gbogbo ènìyàn ń sáré, àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo dúpẹ́. Mo sọ fún un pé ìyá Bùnmi ni ìbá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́, pé wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wẹ ọmọ. Àbúrò mi náà dúpẹ́. Mo tan rédíò kékeré tó wà ní pálọ̀, mo fi etí lé e. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń gbọ̀n. Bàálù tó kúrò l'Àbújá ni, lóòótọ́. Àánú àwọn tó wà nínú rẹ̀ àti àwọn tó wà nílé tiwọn jẹ́jẹ́ ṣe mí, omi bọ́ lójú mi.

Mo wá padà sẹ́yìn láti lọ sọ fún Màmá ohun tí Ọlọ́run yọ wọ́n nínú rẹ̀.

Màmá kò sí níbẹ̀.

Ọmọ wà lórí ẹní, ó ń sùn, ara rẹ̀ ń dán fún òrí. Wọ́n ti wé e pinpin. Mo ti ọwọ́ bọ omi inú báàfù. Ó tutù bí omi ìsun.

Mo gbé ọmọ wọlé tọ ìyá rẹ̀, mo wá lọ bá Mállàm ní géètì. Mo bi í bóyá ó ṣílẹ̀kùn fún Màmá. "Kai," ó ní òun kò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ó wá sọ pé nígbà tí òun ń ṣe àlùwàlá, ẹnì kan kí òun láti ẹ̀yìn, pé òun ti dáhùn "Yauwa" kí òun tó bojú wẹ̀yìn. Òun kò rí ẹnì kankan.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹsẹ̀ wọn tí kò ní bàtà.

Mọ́tò Dáre wọlé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó di ìdarí mọ́tò mú. Ojú ọ̀nà ló ti gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé Màmá pe òun láti orí ìjókòó wọn nínú bàálù, pé wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí wọ́n á ti so bẹ́líìtì. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," kò sì fẹ́ gbọ́ mọ́.

Àmọ́ nígbà tó wọ yàrá tó rí ọmọ, ó dúró. Ó fi ìka tọ etí aṣọ náà, ibi tí wọ́n ti kì í bọ abẹ́ apá.

"Ta ló wé ọmọ yìí?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú lọ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A jẹ́ kí Bùnmi sùn. Níta, àdúgbò ti dàrú, rédíò ń sọ̀rọ̀ lójúlé dé ojúlé, obìnrin kan ń ké ní òpópónà kejì torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mállàm dúró síwájú géètì, ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n rọra. Bùnmi kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sùn títí ilẹ̀ fi ṣú, bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ sórí oorun. Kó tó jí, a ti pe nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa, ó ti wà ní ìtòsí. Dáre ló sọ fún Bùnmi. Ó sunkún, ó sunkún, mo dì í mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti wálẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo sọ tèmi fún Bùnmi. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Àǹtí, ṣé inú wọn dùn?"

Mo ní inú wọn dùn. Mo ní wọ́n ń kọrin.

Ó rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ṣọ̀fọ̀. Lọ́fíìsì wa, kò sí tábìlì tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn lọ́nà kan tàbí òmíràn. Pásítọ̀ wa ní áńgẹ́lì ni mo rí, kì í ṣe Màmá. Dáre ní oorun ló gbé mi, pé èmi fúnra mi ni mo wé ọmọ náà, ṣùgbọ́n kì í wo ojú mi tó bá ń sọ ọ́. Èmi kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, ó sì balẹ̀ títí dòní.

Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní fún yín. Bí ẹni tí ẹ ti sìn sọ́nà bá rọra padà wọlé tọ̀ yín wá, tí fóònù bá ń dún, ẹ jẹ́ kó máa dún. Ẹ jókòó tì í. Ẹ má ṣe dìde.