Ìyẹ̀fun Ìrẹsì Lẹ́nu Ọ̀nà

Òórùn tùràrí àti ata díndín ló máa ń pàdé ẹni lórí àtẹ̀gùn ilé tí a ń gbé ní àdúgbò West Ridge lókè òkun nígbà náà. Ìyá àgbà kan, ará Íńdíà, ló ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ọdún tí màmá mi kú ni. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run lórí ẹní ìkírun pé kó dá wọn sí títí ìwé ìgbélùú mi yóò fi jáde, kí n lè lọ fojú kàn wọ́n. Ìwé kò jáde. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ká ẹní nílẹ̀. Oorun kì í kùn mí mọ́, bí mo bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, ògiri ni mo máa ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn ìta, mo bá ìyẹ̀fun funfun tí ẹnìkan fi ya òdòdó ńlá sílẹ̀. Ìwọ náà kúkú mọ ohun tí ọmọ Yorùbá máa rò: wọ́n ti gbé oògùn dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní àṣé ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ojú lásán! Ọkọ mi fà mí lápá. "Má tẹ̀ ẹ́ o! Back door la ó máa gbà." Ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì àti ọkọ mi ẹnjiníà wá ń gba ẹ̀yìnkùlé bí olè.

Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kọ̀ tí kò ṣí ni mo bá ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ó lóṣòó, ó ń da ìyẹ̀fun láàárín ìka. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. "Mà, kí lẹ ń ṣe sí wa?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni, ọmọ mi. Èèrà á jẹ, ẹyẹ á jẹ. Bí ọkàn mi bá ń sá kiri, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń pè é wálé. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ọkùnrin tó ń gbé páálí kiri fi gba àárín òdòdó náà kọjá. Inú bí mi. "Ó ti bà á jẹ́!"

"Yíyà ni tèmi," ìyá àgbà wí. "Ohun tó bá dà lẹ́yìn náà, kì í ṣe tèmi."

Ẹkún gbọ̀n mí. Ó bu ìyẹ̀fun sí mi lọ́wọ́, èmi náà sì lóṣòó. Ìlà mi wọ́ bí ipa ejò, àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ọkàn mi jókòó sójú kan.

Mi ò yí ẹ̀sìn padà o, mùsùlùmí ni mí dọ̀la. Ṣùgbọ́n mo ti rò pé àdúrà mi ṣòfò nítorí pé màmá kú. Ìyá àgbà ló jẹ́ kí n rí i pé gbígba àdúrà nìkan ni tèmi, ìdáhùn di ti Ọlọ́run, mo sì ti gba tèmi tìfẹ́tìfẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ́ ẹní, mo forí kanlẹ̀, mo dárúkọ màmá mi. Mo sì sùn.